Ẹ Bi Bàbá Ọdẹ: Ìbọn Wo Ni Kí N Kọ́kọ́ Rà?

Bàbá tó ń dáhùn ìbéèrè lójú ìwé yìí tọ́jú ìbọn ní àká ìbọn ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì. Òṣogbo ló ń gbé, oko rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Ìlobù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Òṣogbo ni mí, agbolé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé báyìí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ yìnbọn lópin ọ̀sẹ̀, ó sì wù mí kí n ní tèmi, ráífù tó máa ń ki ara rẹ̀, tí èèyàn kò ní máa dúró ki ọta lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò ju 500 dọ́là lọ. Ọmọ méjì wà nílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní AR, irú ráífù kan tó jọ ti sójà, ni kí n rà, òmíràn ní kí n má dán an wò. Bí mo bá rà á, ṣé mo lè gbé e wálé fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko lápá Èkó-Ẹ̀ndẹ? Ọ̀yà ń jẹ àgbàdo rẹ̀ run. R. A., Houston.

Ìbéèrè méjì ni o bi mí, R. A., ìdáhùn wọn kò sì bára mu rárá. Ohun tí o lè rà láàárín wákàtí kan ní Houston lè sọ ẹ̀gbọ́n rẹ di ẹlẹ́wọ̀n níbí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọ̀dọ̀ rẹ.

O kò sọ fún mi irú ìwé tí o fi ń gbé ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tàbí o ní gíríìnì káàdì, òfin àpapọ̀ wọn gbà ọ́ láyè. Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́, físà iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò ni o fi wà níbẹ̀, o kò gbọ́dọ̀ ra ìbọn, o kò sì gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́, àfi bí o bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìbọn tí ọ̀rẹ́ gbé lé ẹ lọ́wọ́ ní pápá ìyìnbọn náà wà nínú ohun tí mò ń sọ yìí. Àwọn ọmọ wa kan ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rí, wọ́n rò pé nítorí gbogbo ayé ló ní ìbọn ní Texas, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ dá èèyàn padà sílé kì í wá ìdí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ilé ìtajà, wọ́n á fún ọ ní fọ́ọ̀mù kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4473. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi orúkọ rẹ wádìí lọ́dọ̀ FBI, lára ètò tí wọ́n ń pè ní NICS, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ẹni ọdún 18 lè ra ráífù lọ́wọ́ oníṣòwò. Ka fọ́ọ̀mù yẹn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, má sì purọ́ kan síbẹ̀, yálà nípa igbó mímu tàbí nípa ìwé ìgbélùú rẹ. Ó tún máa bi ọ́ bóyá ìwọ gan-an lo fẹ́ ni ìbọn náà. Bí ọ̀rẹ́ tí kò ní ìwé bá kó owó fún ọ pé kí o bá òun rà á ní orúkọ rẹ, dá owó rẹ̀ padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀daràn ni òfin wọn máa ka ìwọ tí o fọwọ́ sí i sí.

Ó yá, ìbọn wo? Èyí tó ń jẹ ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 Long Rifle ni mo fara mọ́, n kò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn yíyìn, ọta ni owó rẹ̀ ń bá lọ. Ìbọn, ẹ̀ẹ̀kan ni o máa rà á. Ọta ni o máa máa rà títí. AR tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, ọta .223 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ, owó ẹyọ kan rẹ̀ á sì ra .22 bíi márùn-ún fún ọ. Bí 500 dọ́là bá ti bọ́ sórí AR tí kò wọ́n, kí lo máa fi kọ́ ọ? Wàá gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, wàá sì máa mú un jáde lọ́dún Kérésì. Ohun mìíràn ni ariwo. Ìbọn tó ń pariwo gan-an máa ń kọ́ ẹni tuntun láti dijú kó tó fà á, èjìká rẹ̀ á sì máa fò kí ìbọn tó dún. Mo ti bá àwọn ọlọ́pàá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàdé tí ojú wọn ṣì ń dì, torí pé ìbọn ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́. .22 kì í ta èèyàn léjìká, ìró rẹ̀ kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ bo etí rẹ síbẹ̀.

Nínú àwọn .22 tó ń ki ara wọn, mẹ́ta ni apá rẹ ká. Ruger 10/22 ti wà lórí àtẹ láti 1964. Ọta mẹ́wàá ni àpò ọta rẹ̀ ń gbà, àpò náà sì wọ inú ìbọn pátápátá, kò yọ síta. Nítorí pé ó ti pẹ́, tó sì pọ̀ káàkiri, kò sí apá ara rẹ̀ tí o kò ní rí rà bó bá bàjẹ́. Tuntun rẹ̀ máa ń wà láàárín 300 sí 400 dọ́là. Marlin Model 60, tó kọ́kọ́ jáde ní 1960, ni èkejì. Inú ọ̀pá kan lábẹ́ ẹnu ìbọn ni ọta tirẹ̀ ń tò sí, ó máa ń ṣe déédéé, àlòkù rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Savage 64 ni ẹ̀kẹta, òun ló máa ń dínwó jù. Èmi á mú Ruger, torí pé ẹni tuntun lè yọ àpò ọta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó sì rí i. Ti Marlin, o ní láti fa ọ̀pá inú rẹ̀ jáde kí o sì da ọta síta, ẹni tó bá ń kánjú sì lè fi ọ̀kan sílẹ̀ síbẹ̀.

Bí o bá rí àlòkù Ruger tó dára, má tijú láti rà á. Ní kí wọ́n ṣí i fún ọ, kí o rí i pé òfo ni, kí o tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ihò ọta rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí o tó wo inú ẹnu ìbọn láti iwájú. Ó yẹ kí ó máa dán, kí ìlà tó yí po nínú rẹ̀ hàn gedegbe. Tẹ igi ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti là níbi tó ti so mọ́ irin. Fa irin ẹ̀yìn, jẹ́ kó padà, wò ó bóyá ó ń há. Oníṣòwò tó bá bínú nítorí pé o béèrè gbogbo èyí, fi í sílẹ̀ kí o lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Má fi gbogbo 500 náà ra ìbọn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta awò fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú tí wọ́n fi irin ṣe sára ìbọn tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Nínú owó yẹn ni ìborí etí, gíláàsì ojú àti àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ti gbọ́dọ̀ jáde. Ọta máa ń yàtọ̀ síra, ìbọn kan á sì gba irú kan ju òmíràn lọ, nítorí náà ra páálí kékeré irú méjì tàbí mẹ́ta, kí o wo èyí tí kì í há nínú tìrẹ kí o tó ra púpọ̀. Bí o bá fà á tí kò dún, má yí ẹnu rẹ̀ kúrò níbi tó kọjú sí. Dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí o tó yọ ọta náà, ó lè pẹ́ kó tó dún.

Ibi tí ẹ̀rù ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ ti ń bà mí ni mo fẹ́ sọ báyìí, jọ̀wọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí àwọn ọdẹ wa ń lò, bó bá ti dún, ó ti tán. Èèpo kátíríìjì ló kù nínú rẹ̀, o ní láti ṣẹ́ ẹ kí o tó fi òmíràn sí i. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọta kan bá ti dún, agbára rẹ̀ náà ló ń ti irin ẹ̀yìn padà, irin á ta èèpo síta, sípíríǹgì á dá irin padà, á sì ti ọta tuntun wọlé. Kí o tó mí èémí kan, ìbọn ti wà ní kíkì. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́yìn gbogbo ìró, ọta kan ti wà níbi tó ti lè pa èèyàn, yíyọ àpò ọta kò sì mú ẹyọ yẹn kúrò. Ohun tó ń pa ọmọ nílé nìyẹn. Bàbá yọ àpò ọta, ó ní ó ti ṣófo, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní àká ìbọn tí mo ti ṣiṣẹ́, àpótí iyanrìn ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé á kọ ẹnu ìbọn sí iyanrìn, á yọ àpò ọta, á fa irin ẹ̀yìn, èmi náà á wo inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á tó fà á sínú iyanrìn. Mo ti gbọ́ kí ìbọn dún sínú iyanrìn yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún mi pé òfo ni. Kì í ṣe òpùrọ́, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nítorí náà, kọ́ ọwọ́ rẹ bẹ́ẹ̀: ẹnu ìbọn sí ibi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ìka kúrò níbi tí wọ́n ti ń fà á, yọ àpò ọta, fa irin ẹ̀yìn kí o sì mú un dúró síbẹ̀, fi ojú wo ihò ọta, fi ìka tọ́ ọ wò. Àpò ọta lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó bá fa irin kó tó yọ àpò, ó ti tún un kì nìyẹn.

Má sì jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ pé .22 jẹ́ ohun ìṣeré. Ọta kékeré yẹn lè rìn tó máìlì kan àbọ̀, ìyẹn bíi kìlómítà méjì àti ààbọ̀, bó bá sì kan omi tàbí òkúta ó lè ta gba ibòmíràn lọ. Níbi tí o bá ti ń yìn ín, òkè yẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ohun tí ò ń fojú sùn. Ti àwọn ọmọ rẹ, òfin Texas fúnra rẹ̀ ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí àgbàlagbà bá fi ìbọn tó ní ọta nínú sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè mú un. Tì í mọ́ inú irin, kó ọta sí ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ. Bí o bá fẹ́ máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dọdẹ, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti 2 Oṣù Kẹsàn-án 1971 gbọ́dọ̀ ṣe. Ṣe é kódà bí o kò bá fẹ́ pa ẹran kankan.

Ó kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Má gbé e wálé. Má tú u sí wẹ́wẹ́ sínú fìríìjì àlòkù, má fi í sínú mọ́tò tí o fẹ́ fi ránṣẹ́. Ní Oṣù Kìíní 2017, àwọn aṣọ́bodè mú ìbọn pump action, èyí tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn láti kì, 661 nínú ọkọ̀ kan l'Ékòó. Ní 2024 wọ́n rí ìbọn 844 nínú kọ̀ǹténà kan tó ti Túrkì wá sí èbúté Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers. Lẹ́yìn irú ìyẹn, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹrù láti òkè òkun kì í ṣe ojú àánú, wọn kò sì ní dúró bi ọ́ bóyá torí ọ̀yà ni.

Òfin ìbọn wa ti wà láti 1959, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀ àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́, ráífù ológun tó ń jẹ ọta 7.62, 9 mílímítà tàbí .300. Ẹni tí wọ́n bá ká irú èyí mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ìjìyà tó kéré jù. Èkejì ni èyí tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fún aráàlú ní ìwé lé lórí: ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́, ráífù ọdẹ tí kò jẹ ọta mẹ́ta tí mo dárúkọ, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹlẹ́tù bíi tirẹ̀. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tó bá ń ki ara rẹ̀, tàbí tó ní ohun tí wọ́n fi ń fà á síwá sẹ́yìn láti kì í, òfin yọ ọ́ kúrò nínú ti aráàlú. Mo mọ̀ pé wàá sọ pé .22 kò sí nínú ọta mẹ́ta yẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbọn, orúkọ ẹni tí ìwé náà wà fún sì ni ìbọn gbọ́dọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni kíkó o wọ̀lú ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwọ tí o ń gbé Houston kò lè fi í sílẹ̀ sí oko fún ẹ̀gbọ́n.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí ní Òṣogbo, kó béèrè ọ̀nà láti gba ìwé fún ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu kan. Wọ́n máa wádìí rẹ̀. Òfin kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Bó bá gbà á, kó ra ìbọn lọ́dọ̀ oníṣòwò tí ìjọba mọ̀. Kó wo gígùn kátíríìjì, ní mílímítà, tí wọ́n kọ sára ìbọn, torí kátíríìjì 76 kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìbọn tí wọ́n ṣe fún 70, kódà bó bá wọlé wẹ́rẹ́. Kó sì sá fún èyí tí àwọn kan ń fi páìpù omi rọ ní kọ̀rọ̀. Páìpù omi kò lágbára kátíríìjì, ó máa ń bẹ́ lójú ẹni tó mú un.

Ní ti ọ̀yà gan-an, n kò rò pé ìbọn ló yẹ kó kọ́kọ́ ná owó lé. Òru ni ọ̀yà ń jẹun, inú koríko ló sì ń gbà wá. Kó ro etí oko náà mọ́ tónítóní, kó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin ó kéré tán, yí àgbàdo náà po, kí koríko má kan oko. Ọ̀yà kì í fẹ́ la ibi gbalasa kọjá. Kó fi páànù àlòkù ṣe ọgbà sí apá tí wọ́n ń gbà jù, kó fi tàkúté sí ojú ọ̀nà wọn, kó sì wá ajá gidi kan. Èmi gan-an ní ìbọn, ọgbà páànù ló gba àgbàdo mi là.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ra ìbọn afẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kò gba ìwé kankan nítorí kì í lo ẹ̀tù, ó sì ń fi í lé ẹyẹ kiri etí odò. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀.

Rárá o, Ìyá. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà nínú èyí tó ń gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ọjọ́ orí ọmọ náà kò sì tíì tó láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ kí wọ́n tó yìn ín, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ṣíṣẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ lágbára, ó lè gé ìka. Ọta rẹ̀ kéré, àmọ́ ó ń fọ́ ojú, ó sì lè wọ orí ọmọdé. Ti etí odò yẹn tún wá burú ju ohun tí ọmọ náà mọ̀ lọ. Nínú Igbó Ọ̀ṣun tó wà létí odò Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé, kó tó di pé UNESCO fi orúkọ igbó náà sínú ìwé àjogúnbá ayé ní 2005. Olútìmẹ́hìn tó bá Láròóyè tẹ ìlú yìí dó, ọdẹ ni, síbẹ̀ àwọn ọdẹ Òṣogbo kì í yìnbọn níbẹ̀. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀, kí bàbá rẹ̀ sì bá a dé ọ̀dọ̀ DPO àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín láti fi ìbọn náà sílẹ̀. Fífi tinútinú gbé e lọ dára ju kí wọ́n wá bá a nílé lọ.

Bàbá mi kú, wọ́n fi ṣakabùlà kan sílẹ̀ lórí àjà. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ bí ohun ìrántí. S. T., Ìdó-Ọ̀ṣun.

Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Ṣakabùlà náà ń gba ìwé, ìwé bàbá rẹ kì í sì í ṣe tìrẹ, nítorí náà lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá kí o tó kọ́ ohunkóhun sára ògiri. Ṣùgbọ́n ṣáájú èyí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn ọdẹ àgbà máa ń gbé e pamọ́ ní kíkì, ẹ̀tù tó sì ti pẹ́ lọ́dún ṣì lè gbiná bó bá gbẹ. Pe ọdẹ tó ní ìwé lágbègbè yín. Á kọ́kọ́ yọ ohun ìṣáná tó bá wà lára rẹ̀, kò sì ní fi ojú tàbí orí síwájú ẹnu ìbọn. Láti ẹ̀gbẹ́ ni á ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú ẹnu rẹ̀ títí á fi dúró, á sàmì sára igi náà, á wá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn lóde. Bí igi náà kò bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kó má ṣe gún un, kó má sì gbé e wọ ọkọ̀ èrò. Kí ọlọ́pàá wá bá a nílé.